Ta Ló Fẹ́ Dúró De Ọmọdé?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ ká ya ẹsẹ̀ dé Amẹ́ríkà lóṣù yìí. Bọ́ọ̀lù wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ o, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù ni, tó gùn roboto bí ẹyin, tí géńdé mọ́kànlá fi ń kọlu géńdé mọ́kànlá bí àgbò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé ìjà ìgboro ni. Bẹ́ẹ̀ ìṣirò ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣirò náà lójú pápá. Òun ni wọ́n ń pè ní quarterback.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní ìgbà mẹ́rin láti fi gbé e síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n á tún fún wọn ní ìgbà mẹ́rin mìíràn. Bí wọn kò bá ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ẹni ẹlẹ́ni. Kí ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, quarterback á kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, á pe orúkọ eré tí wọ́n fẹ́ ṣe fún wọn, orúkọ tó lè gùn bí oríkì. Á wá lọ dúró, á wo bí àwọn alátakò ṣe tò, á sì yí eré náà padà bó bá rí i pé wọ́n ti mọ ibi tó ń lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta ló ní kí àwọn òmìrán tó ń sáré bọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yìí ló gbọ́dọ̀ wo ẹni àkọ́kọ́, ẹni kejì, ẹni kẹta tó lè ju bọ́ọ̀lù sí, kó sì jù ú sí ibi tí ẹni náà kò tíì dé, kí òun àti bọ́ọ̀lù lè jọ pàdé níbẹ̀.

Kò sí ọmọ ọdún 22 tó mọ èyí ṣe délẹ̀ láti ilé ìwé. Wọ́n á kọ́ ọ ni, ìkọ́ náà sì ní iye ọdún tó ń gbà. Ohun tó ń jà mí níyà ni pé nínú gbogbo ìtàn àwọn tó di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ẹyọ ẹnì kan tí kò sí ẹni tó dúró dè é. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò dúró dè náà wà, àwọn ni ìtàn kì í fẹ́ dárúkọ.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pín àwọn ọmọ tuntun. Láti 1936 ni àwọn NFL ti ń ṣe é lọ́dọọdún, draft ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ tó burú jù ní sáà tó kọjá ló ń kọ́kọ́ mú ọmọ tó wù ú nínú àwọn tó ń ti yunifásítì bọ̀. Ẹgbẹ́ tó gba ife ẹ̀yẹ ló ń mú gbẹ̀yìn. Èrò wọn dára, wọn kò fẹ́ kí àwọn alágbára nìkan máa jẹ gàba. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń tìdí ẹ̀ yọ: ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù jù lọ ni wọ́n ń fà lé ilé tó dàrú jù lọ lọ́wọ́. Àwọn tó yẹ kó dáàbò bò ó kò lágbára, àwọn tó yẹ kó hán bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò yára, kóòṣì tó ń kọ́ ọ sì lè má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Terry Bradshaw gan-an nìyẹn. Ní 1969, nínú ìdíje 14, ẹyọ kan ni Pittsburgh Steelers jáwé olúborí, wọ́n pàdánù 13. Chicago Bears náà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ni wọ́n bá ta owó ẹyọ sókè láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ mú ọmọ, Pittsburgh ló sì jẹ ẹ́. Wọ́n mú Bradshaw, ọmọ Shreveport ní ìpínlẹ̀ Louisiana, tó ti ilé ìwé Louisiana Tech wá. Apá ọmọ náà le bí irin. Àmọ́ apá nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, 1970, ó ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejìlénígba ó lé mẹ́rìndínlógún, ìyẹn 218. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hán 83 péré nínú rẹ̀. Mẹ́fà ló di touchdown, èyí tí í ṣe góólù ńlá tiwọn. Mẹ́rìnlélógún sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá! Àwọn òǹwòran ń hó lé e lórí. Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri pé olórí kunkun ará oko ni, pé kò ní làákàyè. Lọ́dún kejì, góólù di 13, èyí tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá sì jẹ́ 22. Ó sàn díẹ̀, àbí kí ni ká ti sọ?

Kóòṣì rẹ̀, Chuck Noll, kò pariwo. Kì í ṣe ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí o, òǹrorò olùkọ́ ni, Bradshaw fúnra rẹ̀ kò sì fi bò pé òun àti rẹ̀ kò rẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bá ọmọ wí lọ́wọ́ kan, ló ń tún ilé kọ́ yí i ká lọ́wọ́ kejì. Joe Greene ti wà nílẹ̀ láti 1969 tó ń dá ọ̀tá dúró. Ní 1972 ó mú Franco Harris, ẹni tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, kí ẹrù má bàa pọ̀ lórí ẹni tó ń jù ú. Nínú draft 1974 nìkan, ó mú Lynn Swann, Jack Lambert, John Stallworth àti Mike Webster, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì padà wọ ilé ìrántí àwọn akọni ní Canton.

Ọdún 1974 yẹn náà ni ọ̀rọ̀ dàrú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àwọn eléré bọ́ọ̀lù yanṣẹ́ lódì. Joe Gilliam, ọmọ adúláwọ̀ tó ti Tennessee State wá, tí wọ́n mú ní ìpele kọkànlá nínú draft 1972, kò bá wọn yanṣẹ́. Ó wá sí ibi ìgbaradì. Bọ́ọ̀lù tó ń jù níbẹ̀ dùn ún wò débi pé nígbà tí ìyanṣẹ́lódì parí, òun ni Noll fi ṣáájú. Bradshaw di ẹni tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Láti ìgbà tí líìgì méjì ti para pọ̀ ní 1970, Gilliam ni ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sáà gẹ́gẹ́ bí quarterback. Ní ìdíje àkọ́kọ́, wọ́n na Baltimore ní 30 sí òdo.

Ìdíje mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀. Ó jáwé olúborí nínú mẹ́rin, ó ta ọ̀mì kan, ó pàdánù kan. Noll bá dá a jókòó, ó gbé Bradshaw padà.

Kí ló dé? Àwọn kan ní Gilliam fẹ́ràn láti máa ju bọ́ọ̀lù jù, pé kò tẹ̀ lé ètò kóòṣì tó fẹ́ kí Harris máa sáré. Mo gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ọmọkùnrin yìí ń gba lẹ́tà èébú àti lẹ́tà ikú nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń jáde síwájú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ́jọ́ Sunday pẹ̀lú ẹ̀rù yẹn láyà. Ta ni a fún ní ọdún mẹ́rin láti ṣàṣìṣe? Ta ni a fún ní ìdíje mẹ́fà? Mi ò sọ pé Noll kórìíra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo kóòṣì ìgbà yẹn ló jẹ́ fi ọmọ adúláwọ̀ síwájú rárá. Iye ọjọ́ tó fún un ni mo ń kà.

Gilliam kúrò ní NFL lẹ́yìn sáà 1975. Oògùn olóró ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ó sì bà á jẹ́ gidigidi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2000 ló kú. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Bradshaw ní tirẹ̀ dé Super Bowl ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1975 ní New Orleans, wọ́n sì na Minnesota ní 16 sí 6. Ẹ má rò pé apá rẹ̀ ló ṣe é. Bọ́ọ̀lù 14 péré ló jù lọ́jọ́ náà. Harris ló gbé bọ́ọ̀lù sáré yáàdì 158, àwọn Greene ló sì dènà débi pé gbogbo eré sísá àwọn Minnesota kò ju yáàdì 17 lọ. Ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lé ọmọ lórí, ó rù ú délé. Ẹni tó bá ti ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rí á mọ ohun tí mo ń sọ: ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í fi aṣọ ìyàwó kọ́ ọmọ tuntun ní gígé aṣọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Super Bowl ti oṣù kìn-ín-ní 1979, Bradshaw ti gba fíríìdọ́ọ̀mù. Ṣáájú ìdíje náà, Thomas Henderson ti ẹgbẹ́ Dallas fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bradshaw kò lè kọ "cat" bí wọ́n tilẹ̀ fún un ní c àti a. Bradshaw ju yáàdì 318 àti góólù mẹ́rin lé wọn lórí, 35 sí 31. Ife mẹ́rin ló gbà kó tó fẹ̀yìn tì.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn adúláwọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tán sọ́dọ̀ Gilliam. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọmọ adúláwọ̀ bá jẹ́ quarterback ní yunifásítì, tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́, wọ́n á ní kó lọ máa hán bọ́ọ̀lù tàbí kó lọ máa dènà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ohun tí wọ́n ń sọ lábẹ́ ahọ́n ni pé orí rẹ̀ kò yá. Marlin Briscoe ju góólù 14 fún Denver ní 1968, ní sáà tó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọn kò fún un láyè kó tún du ipò náà, ló bá di ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù ní Buffalo.

Ní 1978 àwọn méjì jáde ní yunifásítì. Warren Moon ti gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tó peregedé jù ní Rose Bowl, síbẹ̀ kò sí ẹgbẹ́ kankan tó mú un nínú draft. Kò gbà láti yí ipò padà, ó kọjá sí Kánádà, sí ẹgbẹ́ Edmonton. Ẹ wo ohun tí Kánádà ṣe fún un: wọn kò gbé gbogbo ẹrù lé e lórí lọ́jọ́ kan. Àgbà kan wà níbẹ̀, Tom Wilkinson, àwọn méjèèjì jọ ń ṣe é, ọmọ ń wo àgbà. Ife Grey Cup márùn-ún ni Edmonton gbà tẹ̀léra tẹ̀léra, láti 1978 sí 1982. Nígbà tí Moon fi máa wọ Houston ní 1984, ó ti pé ọmọ ọdún 27, ó ti jinná. Ní 2006 ó wọ ilé àwọn akọni ní Canton, quarterback adúláwọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Ẹnì kejì ni Doug Williams, ọmọ Grambling, ilé ìwé àwọn adúláwọ̀ ní Louisiana, níbi tí àgbà kóòṣì Eddie Robinson ti tọ́ ọ. Tampa Bay Buccaneers ló mú un ní ipò 17. Tampa yìí, ẹ má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín: ìdíje 26 àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe láyé ni wọ́n pàdánù. Ẹni tó ń kọ́ àwọn atàbọ́ọ̀lù wọn nígbà náà, Joe Gibbs, ti lọ sí Grambling fúnra rẹ̀ láti lọ wo Williams kí wọ́n tó mú un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Gibbs yẹn sápò.

Ní sáà 1979, Williams gbé ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí dé ìdíje tó ṣáájú Super Bowl. Ó gbé wọn dé ìpele àṣekágbá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́rin. Owó tí wọ́n ń san fún un jẹ́ 120,000 dọ́là lọ́dún, bẹ́ẹ̀ àwọn kan tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbòmíràn ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó béèrè 600,000, wọ́n ní 400,000 ni àwọn máa san, wọn kò sún mọ́ ọn mọ́. Ní oṣù kẹrin 1983 ìyàwó rẹ̀ kú, ó fi ọmọ jòjòló sílẹ̀. Ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí líìgì mìíràn tí kò tọ́jọ́. Tampa ṣẹ́gun nínú ìdíje méjì péré lọ́dún yẹn, ó sì di 1997 kí wọ́n tó tún rí ìpele àṣekágbá. Mi ò mọ owó tó wọ́n ju 200,000 dọ́là yẹn lọ nínú ìtàn bọ́ọ̀lù wọn.

Gibbs ti di ọ̀gá kóòṣì ní Washington. Ní 1986 ó pe Williams wá. Kí ló fi í ṣe? Ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn Jay Schroeder. Ẹyọ bọ́ọ̀lù kan ni Williams jù ní gbogbo sáà yẹn! Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti bínú lọ sílé. Ṣùgbọ́n ó mọ èdè eré Gibbs láti Tampa, Gibbs náà sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí sáà 1987 ń parí lọ tí nǹkan kò lọ déédéé fún Schroeder, Gibbs fi Williams ṣáájú fún ìpele àṣekágbá.

Super Bowl náà wáyé ní San Diego, ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní 1988. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ló wà, wọ́n ń gbẹ́ eyín rẹ̀. Denver kọ́kọ́ jẹ 10, Washington kò jẹ nǹkan kan. Orúnkún Williams yẹ̀ ní apá àkọ́kọ́, ó bọ́ sí ìta fún ìgbà díẹ̀, ó tún padà wọlé. Ní apá kejì, ìṣẹ́jú 15 ni gbogbo rẹ̀, Washington jẹ 35. Eré 18 péré ni wọ́n fi ṣe é. Williams ju góólù mẹ́rin nínú ìṣẹ́jú 15 yẹn, yáàdì 80, 27, 50 àti 8. Ó parí sí 42 sí 10, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó peregedé jù. Ọmọ ọdún 32 ni, quarterback adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba Super Bowl. Kò ju bọ́ọ̀lù lọ́nà mìíràn yàtọ̀ sí bó ṣe ń jù ú ní Tampa. Àwọn òmìrán tó wà níwájú rẹ̀ ló yàtọ̀.

Tampa yìí kan náà ni Steve Young bá ara rẹ̀ ní 1985 àti 1986. Òyìnbó ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ìdíje 19 ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, mẹ́ta péré ló borí. Àwọn aráabí ní kò ní di èèyàn láéláé. Bill Walsh, kóòṣì San Francisco, rí nǹkan mìíràn, ó rà á ní 1987. Bí Walsh ṣe ń kọ́ni yẹ kí n sọ ọ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń kọ́, kì í ṣe apá. Bí quarterback bá fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ẹni báyìí. Bó bá jẹ́ márùn-ún, ẹni tọ̀hún. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá ṣófo, ẹsẹ̀ á yí, ojú á bá a yí. Bọ́ọ̀lù kúkurú ni, kò nílò apá irin. Ó máa ń kọ àwọn eré tó máa kọ́kọ́ ṣe sílẹ̀ kí ọjọ́ ìdíje tó pé, kí ọmọ lè ti sùn lé e lórí. Bó ṣe tọ́ Joe Montana nìyẹn, ẹni tí wọ́n mú ní ipò 82 ní 1979, tó ju bọ́ọ̀lù 23 péré ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn Montana ni Young jókòó sí fún ọdún mẹ́rin, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i rárá. Ní 1991 ìgbọ̀nwọ́ Montana bàjẹ́, Young bọ́ síwájú. Oṣù kìn-ín-ní 1995, ó ju góólù mẹ́fà nínú Super Bowl kan ṣoṣo.

Ẹlòmíràn á ní, ṣé dandan ni kí ọmọ jókòó ni? Rárá o. Troy Aikman pàdánù gbogbo ìdíje 11 tó bẹ̀rẹ̀ fún Dallas ní 1989, ó sì gba Super Bowl ní oṣù kìn-ín-ní 1993. Peyton Manning ju bọ́ọ̀lù 28 sọ́wọ́ ọ̀tá ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, 1998. Indianapolis pàdánù 13 nínú 16. Lọ́dún kejì wọ́n borí nínú 13. Ryan Leaf, tí wọ́n mú tẹ̀ lé Manning nínú draft yẹn gan-an, kò dúró dé ibì kankan. Èmi kò gbà pé ìjókòó tàbí ìdúró ló ń ṣe é. Bí ilé bá dúró, tí olùkọ́ kò yí padà, ọmọ lè ṣubú kó sì dìde.

Ẹni tó jẹ́ kí n dá èyí lójú ni Alex Smith. Òun ni San Francisco kọ́kọ́ mú ní 2005. Góólù kan ló jù ní sáà yẹn, 11 bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Láti 2005 dé 2011, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọdọọdún ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọ ní eré, oníkálukú pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Ọmọ tó bá ń kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́dọọdún, ìgbà wo ló fẹ́ ka ìwé? Nínú draft kan náà, Aaron Rodgers jókòó títí ojú fi tì í, ipò 24 ni Green Bay mú un, ó sì tún jókòó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn Brett Favre. Ẹni tí wọ́n kọ̀ ló kọ́kọ́ gba Super Bowl, ní 2011. Smith rí olùkọ́ gidi ní ọdún yẹn kan náà, Jim Harbaugh, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí nínú 13.

Ní 2017 ó wà ní Kansas City lábẹ́ Andy Reid, ó ń ju bọ́ọ̀lù dáadáa bí kò ṣe jù rí, ni wọ́n bá mú ọmọ tuntun kan lé e lórí, Patrick Mahomes. Smith mọ̀ pé ẹni tó máa gba iṣẹ́ òun nìyẹn. Síbẹ̀ kò fi nǹkan pa mọ́ fún un. Bó ṣe ń ka fíìmù alátakò, bó ṣe ń múra ọ̀sẹ̀, ojú ọmọ ló ti ń ṣe é, Mahomes sì ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹ̀kọ́ ńlá ló jẹ́ fún òun. Ìdíje kan ṣoṣo ni Mahomes bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, èyí tó gbẹ̀yìn, ní Denver. Wọ́n fi Smith ránṣẹ́ sí Washington. Ní 2018, Mahomes ju góólù 50.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ẹsẹ̀ Smith ṣẹ́ ní Washington. Egbò náà kẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, iṣẹ́ abẹ 17 ni wọ́n ṣe fún un. Ó ṣì wà lórí ìtọ́jú ẹsẹ̀ yẹn nígbà tí Mahomes gba Super Bowl àkọ́kọ́ rẹ̀ ní oṣù kejì 2020. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Smith tún wọ pápá.

Oṣù kejì 2023 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí quarterback adúláwọ̀ méjì kojú ara wọn nínú Super Bowl, Mahomes àti Jalen Hurts ti Philadelphia. Hurts yìí, wọ́n ti dá a jókòó rí ní Alabama láàárín ìdíje àṣekágbá yunifásítì, lójú gbogbo ayé, ní oṣù kìn-ín-ní 2018. Philadelphia mú un ní ipò 53 ní 2020, wọ́n sì fi í síwájú pátápátá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mahomes na án ní 38 sí 35. Wọ́n tún pàdé ní New Orleans ní oṣù kejì 2025, Hurts sì gba tirẹ̀, 40 sí 22.